Àkàrà Tú Sépo

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí Zoom. Ìpàdé ọ̀hún ò gbà ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá ààbọ̀, Slack ti já gbogbo wa jù síta. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn: wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù láti ìparí oṣù Karùn-ún, náírà ti já wálẹ̀, owó dánfó sì ti fò sókè. Àwọn ọ̀gá wa ní dọ́là làwọn fi ń sanwó àwọn ẹ̀rọ tí áàpù wa ń lò, pé àwọn ò lè gbé e mọ́. Wọ́n fún wa ní owó oṣù méjì, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Àwa mẹ́ta ni. A jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan náà, a jọ ń kọ kóòdù jẹun, wọ́n sì jọ lé wa lọ́jọ́ kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà la jọ kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí "mo" nínú rẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí "ọ̀kan nínú wa", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Onítọ̀hún ló bẹ̀ wá.

Ọ̀kan nínú wa ò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbèrò láti parọ́ o. Ó ní òun máa sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọmọ ń sunkún. Ó ní ó di ọjọ́ Àìkú, àlejò dé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká, ó sì jáde nílé ní Ṣómólú ní aago méje gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àkókà ló gbà lọ, sí yàrá kan ṣoṣo tí ọ̀kan nínú wa tí kò tíì gbéyàwó ń gbé. Bí yàrá yẹn ṣe di ọ́fíìsì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Bí iná bá wà, a ó jókòó, a ó máa fi CV ránṣẹ́ káàkiri. Bí iná bá lọ, a ó máa wo òrùlé. Tó bá ti di aago mọ́kànlá, ebi á ti dé. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀kan nínú wa ti gbé ní London rí, níbi tó ti lọ gba oyè kejì. Ó ní nígbà tí òun parí tí òun ò tètè ríṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù sáńwíìṣì kékeré kan ní Peckham ló gba òun lọ́wọ́ ìrònú. Òun á ra ẹyọ kan, òun á jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó máa lé òun. Ó ní ẹni tí kò níṣẹ́ nílò oúnjẹ lóòótọ́, àmọ́ ó tún nílò ibi tí yóò máa lọ. A gbà á gbọ́. A ní ká wá tiwa rí l'Ékòó.

Victoria Island la kọ́kọ́ gbà lọ. AC ń fẹ́, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, àga wọn rọ̀. Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá: sáńwíìṣì adìyẹ, ẹgbẹ̀rún méje náírà. Ẹyọ kan ṣoṣo o! Ojú ń tì wá láti dìde, la bá ra ọ̀kan, a ní kí wọ́n gé e sí mẹ́ta. Adìyẹ inú rẹ̀ tutù bíi pé firíìjì ló sùn mọ́jú. Nígbà tí a fi máa padà dé Sàbó ní Yaba, ebi ṣì ń pa wá. Obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọbìnrin tó gbé búrẹ́dì sórí sì dúró tì í. A ra búrẹ́dì ọ̀ọ́dúnrún náírà, a ra àkàrà mẹ́rin ní àádọ́ta náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi ọwọ́ la búrẹ́dì láàárín, a kó àkàrà gbígbóná sínú rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ pọ̀, a pín in. Òróró ń wọ inú búrẹ́dì, ata ń ta wá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa nu ẹnu, tó ní, "Ṣebí sáńwíìṣì náà nìyí?"

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Láti kékeré la ti ń jẹ ẹ́ lọ sílé ìwé, kò sì wá sí wa lọ́kàn rí pé ó lórúkọ mìíràn. A ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: mẹ́rìnlá irú rẹ̀ ló wà nínú ẹgbẹ̀rún méje tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ra adìyẹ tútù.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ̀ bí àwa oníkọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe, a ò lè ṣe nǹkan kan kí a má sọ ọ́ di tábìlì. A ṣí Google Sheets, a fi ìbéèrè mẹ́fà síbẹ̀, máàkì márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 30. Ṣé búrẹ́dì rọ̀? Ṣé àkàrà gbóná? Ṣé ó fúyẹ́ nínú? Ṣé òróró rẹ̀ mọ́? Ṣé ata àti àlùbọ́sà pé? Èyí tó kẹ́yìn ni èènì: ṣé alákàrà bu nǹkan lé e fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́? Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, nítorí owó. Láti Àkókà dé Bárígà, láti Bárígà dé Ṣómólú (ẹni tó ń gbé níbẹ̀ á fi fìlà bojú), láti Yaba gba Èbúté-Mẹ́ta kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, alákàrà mẹ́tàlélógún ti wà nínú tábìlì wa.

Ìjà náà wà o. Ọ̀kan nínú wa ní dandan ni kí ẹ̀wà Àgànyìn wọlé. Ó ní ẹ wo ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ jọ̀lọ̀, ẹ wo ọbẹ̀ ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n fi epo dín títí tó fi dúdú; pé àwọn ìyá tó ti Togo àti Benin gbé e wá fún wa l'Ékòó ò ṣe nǹkan kékeré. A ní òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti nílò abọ́ àti ṣíbí ti kúrò ní sáńwíìṣì. A dìbò. Méjì sí ọ̀kan, ẹ̀wà Àgànyìn bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó pàdánù ò bá wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló gbé wa dé Agége. Kí a tó lọ, ọ̀kan nínú wa ti kà nípa ọkùnrin ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford. Ọdún 1913 ló wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó bọ́ sídìí òwò, ó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní ọdún 1921. Ó gbèrú débi pé ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ìtàn yìí dùn mọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí kò níṣẹ́ máa ń fẹ́ràn ìtàn ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ayé rẹ̀ ò bàjẹ́.

Ní Agége, oníbúrẹ́dì kan jẹ́ ká wọlé wò ó. Ooru ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Fúláwà, ṣúgà, iyọ̀, omi àti ìwúkàrà ni wọ́n pò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ti ìyẹ̀fun pípò náà gba àárín irin róbótó méjì tó ń yí, wọ́n á ká a pọ̀, wọ́n á tún tì í gba ibẹ̀, léraléra, títí tó fi ń dán. Inú ààrò amọ̀ tí wọ́n fi igi dáná sí ni wọ́n wá kó o sí. Irin méjì yẹn ni àṣírí rẹ̀. Búrẹ́dì Agége kì í rún wẹ́wẹ́ bí èyí tí wọ́n gé sínú ọ̀rá. Bí o bá fà á, nínà ló máa ń nà. Ìdí nìyẹn tó fi lè gba àkàrà mẹ́rin pẹ̀lú òróró wọn láìfàya. A bi ọkùnrin náà nípa potassium bromate tí NAFDAC ti fòfin dè, ó ní ìwúkàrà nìkan lòun ń lò, ó sì gbé páálí rẹ̀ síta fún wa. A fún búrẹ́dì rẹ̀ ní 5 nínú 5. Àkàrà tí a rà ní àdúgbò náà ló já wa kulẹ̀.

A ò dẹ́kun wíwá iṣẹ́ o. Nígbà míì a ó rí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa wà lórí Zoom pẹ̀lú àwọn mẹ́ta kan, wọ́n ní kó sọ nǹkan tó ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Ó yẹ kó sọ nípa kóòdù tó ń kọ lálẹ́. Òótọ́ ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: ó ní òun ń fún àwọn alákàrà ní máàkì. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó wá láti Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, pariwo, "Acarajé!" Ó ní ní ìlú àwọn, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ló ń dín in lójú títì, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Wọn kì í wá búrẹ́dì sí i. Àkàrà náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń là láàárín, tí wọ́n ń ki vatapá, edé àti ata sínú rẹ̀. Ó ní ní ọdún 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ogún ìṣẹ́jú nínú ogójì ló bá ọ̀rọ̀ àkàrà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n kọ̀wé sí wa pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. A fi ìlà kan kún tábìlì wa: Salvador, a ò tíì dé ibẹ̀.

Alákàrà kẹtàlá ló dá wàhálà sílẹ̀. Bárígà ló wà, lẹ́bàá gọ́tà, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan tó ti ṣá. Màmá náà á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jẹ àkàrà rẹ̀, 28 la fún un. Ìgbà kejì, 19. Ìgbà kẹta, 24. Nídìí iṣẹ́ tiwa, bí o bá bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó fún ọ ní èsì mẹ́ta, àṣìṣe wà níbì kan. A pada lọ, a sì bi í.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ìgbákọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọkọ mi, àkàrà kì í ṣe bíríkì o. Kì í rí bákan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún wa bí olùkọ́. Ìdájí lòun ti ń lọ ẹ̀wà, lẹ́yìn tí òun bá ti bó o tí èèpo rẹ̀ lọ pátápátá. Omi díẹ̀ ni. Bí omi bá pọ̀ jù, bí o bá bù ú sórí iná báyìí, ńṣe ni àkàrà á tú sépo. Lẹ́yìn náà, pípò ló kù: kí o pò ó kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, kí ó funfun, kí ó wú. Iyọ̀ kì í tètè wọ̀ ọ́, ìgbà tí o bá ṣe tán láti dín in ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣomi. Èyí tí òun kọ́kọ́ dín láàárọ̀ máa ń mu òróró, torí agbada ò tíì gbóná dé ìdí. Èyí tó bá di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, òróró ti dúdú, ó sì ti rẹ ẹ̀wà náà. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kí ẹ máa bá. Aago méje kọjá díẹ̀."

Àṣé àwa ni àṣìṣe náà. A kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, a ò kọ aago.

Láti ọjọ́ yẹn, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa ń dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ẹni tó wá láti Ṣómólú ní láti tètè jáde nílé sí i, ó bá tún parọ́ kejì lé tàkọ́kọ́: ó ní ọ̀gá àwọn ti fi ìpàdé sí aago méje ààbọ̀. Àkàrà ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì dùn, ẹ gbà wá gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ró kẹ́rẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ á dà bí òwú. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn agboòrùn náà. Àwa nìkan la máa ń jókòó sórí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì, kọ̀ńdọ́kítọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, gbogbo wọn á rà, wọ́n á kì í sínú búrẹ́dì, wọ́n á sì máa lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kọkànlá, Màmá ń yí àkàrà nínú agbada, kò tilẹ̀ wojú wa. Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n dá yín dúró?"

A wo ara wa. Ọ̀kan nínú wa ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín pé wọ́n dá wa dúró?"

"Ẹni tó níṣẹ́ kì í jókòó jẹ àkàrà láàárọ̀. Ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Òmíràn ń sáré jẹ ẹ́. Ẹ̀yin gbé báàgì kọ́rùn, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wá jókòó bí àgbà tó ti fẹ̀yìn tì." Ó wé àkàrà fún oníbàárà kan, ó gbowó, ó wá ṣéńjì fún un. "Ọkọ tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tì í pa. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń múra jáde láàárọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ń ṣàánú ẹ̀, mo sì tún ń bínú sí i, torí kò jẹ́ kí n ṣàánú ẹ̀ lójú ẹ̀. Ọdún yẹn ni mo gbé agbada yìí síta." Ó wá gbójú sókè, ó na ìgbákọ sí ọ̀kan nínú wa. "Ìwọ tó wọ òrùka, lọ sọ fún ìyàwó ẹ."

A ò sọ̀rọ̀ débi tí a fi dé Àkókà.

Ó sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa la ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ó ní òun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òun ní, "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ." Ìyàwó ń ká aṣọ ọmọ. Kò dá a dúró.

"Olówó orí mi, ṣé ti iṣẹ́ ni?"

Ó ní ẹnu òun ò lè padé.

"Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ní AC tó ń gbé òórùn òróró wálé lójoojúmọ́? Mo kọ́kọ́ rò pé alákàrà kan lẹ ń bá lọ." Ó ní ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Mo gbọn àpò ṣẹ́ẹ̀tì yín kí n tó fọ̀ ọ́, ẹ̀rún búrẹ́dì ń jábọ́. Mo ń retí kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó dun ọ̀rẹ́ wa jù. Ó ti lọ bá olórí àjọ wọn ní ọjà láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí nọ́ńbà òun wá síwájú. Oṣù Kejì ló yẹ kó kó àjọ náà, ó sì ti ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe, ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun kan. Ó gba ti oṣù Kejìlá, kí owó ilé ìwé ọmọ lè wà nílẹ̀ ní oṣù Kìíní. Gbogbo ìgbà tí ọkọ ń múra lọ síbi tí kò sí, ìyàwó ti ń múra sílẹ̀ de ohun tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní òun rò pé òun ń dáàbò bo ilé òun ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pẹ́ kó tó dé. Ó wọ ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì. A ò béèrè nǹkan kan. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì ju àkàrà mẹ́ta sínú bébà lé èyí tí a rà. Èènì ni. Kò sí tábìlì lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Ọ̀kan nínú wa ríṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Èkejì ríṣẹ́ ní oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ń lọ, ó yà lọ́dọ̀ Màmá, ó ra tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń wo aago. Màmá na ìgbákọ sókè, ó kígbe sí gbogbo àdúgbò pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o, eléyìí ti ń dúró!" Ẹni kẹta wa ṣì ń wáṣẹ́. Ó ń bá àwọn ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe iṣẹ́ kéékèèké lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kò tó. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun nìkan ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, Màmá kì í sì bi í ní nǹkan kan mọ́. Búrẹ́dì ọ̀ọ́dúnrún ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àkàrà àádọ́ta ti di ọgọ́rùn-ún. Èènì ò dínkù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó ọ̀kan nínú wa àti ọmọ wọn tó fẹ́ràn láti máa yọ àkàrà inú búrẹ́dì jẹ kó tó kan búrẹ́dì. Gbogbo wa la máa ń jókòó. Bí ẹ bá gba Bárígà kọjá, ẹ wá agboòrùn tó ti ṣá lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ má pẹ́ kọjá aago méje ààbọ̀.